Ìlà Kan Tí Mo Kọ Ní Orúkọ Ràímì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣí iṣẹ́ wa fún gbogbo ayé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orúkọ mi ló sì ṣáájú. Orúkọ ẹni tí mo ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. 

Ìwé atọ́ka ni iṣẹ́ náà. Àwa márùn-ún tí a ka ìṣirò ní yunifásítì la jọ ń kọ ọ́ ní Ṣábẹ níbí. Ó ń kọ́ni bí a ṣe ń pín nǹkan sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè bá gbogbo ìyókù pàdé ní iye ìgbà kan náà. Ẹ mú iṣu oríṣi méje, kí ẹ gbin mẹ́ta-mẹ́ta sí abala oko méje. Bí ẹ bá tò ó dáadáa, oríṣi méjì yòówù yóò pàdé lẹ́ẹ̀kan péré.

Èmi ni mo tẹ àtẹ iṣu yẹn sínú ìwé náà. Bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti kú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo sì yá ti Ràímì, àbúrò wa nínú iṣẹ́. Ó ti fi orúkọ rẹ̀ wọlé sórí ìkànnì tí a ti ń kọ ìwé náà. N kò yọ ọ́. Ní ìlà kan, dípò mẹ́ta, mẹ́rin, méje, mo tẹ mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà. Nọ́ńbà kan péré.

Àwọn obìnrin àgbẹ̀ ní Kaboua, nítòsí wa, ni a kọ́kọ́ fún ní àtẹ náà, wọ́n sì fi gbin iṣu. Ìyá Àlàkẹ́, olórí wọn, ló rí i. Ó ní, "Ẹ̀yin akọ̀wé, ṣé oríṣi kẹta àti ìkeje ń bá ara wọn jà ni? Wọn ò pàdé níbì kankan!" Wọ́n sì ti gbìn ín tán. Gbogbo làálàá tí wọ́n ṣe láti fi iṣu wọ̀nyẹn wéra lọ́dún náà di òfo.

Inú bí mi. Èmi kì í fojú fo àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Mo ṣí ibi tí ìkànnì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àtúnṣe sí, mo rí orúkọ Ràímì. Mo ti gbàgbé pé èmi ni mo tẹ àtẹ náà lórí ẹ̀rọ rẹ̀; mo kọ lẹ́tà ẹ̀sùn olójú ewé méjì sí ẹgbẹ́ wa. Mo ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan ọjọ́ tó pẹ́ dé.

Ìgbà tí mo fi ránṣẹ́ tán ni mo tó rí wákàtí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà. Aago méjì ọ̀sán, ọjọ́ Jímọ̀. Ràímì wà ní mọ́ṣáláṣí. Èmi ló fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ fún. 

Mo lè sọ ọ́ ní ìpàdé tí ẹgbẹ́ pè lórí ẹ̀sùn náà. N kò sọ ọ́. Ràímì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo wákàtí tó wà níbẹ̀." Mo dá a lóhùn pé, "Ṣé wákàtí ló ń jẹ́ Ràímì ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.  Wọ́n yọ Ràímì kúrò nínú ẹgbẹ́. Inú sì ń bí mi sí àwọn náà títí di òní: onímọ̀ ìṣirò mẹ́ta, kò sí ẹni tó wo aago!

Mo ti tún ìlà náà ṣe, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ yẹn kì í parẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹnì kan yóò wo wákàtí náà. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé kò sẹ́ni tí yóò wò ó.

Lánàá, mo pàdé Ìyá Àlàkẹ́ lọ́jà. Ó bi mí pé, "Ẹni tó da iṣu wa rú yẹn, ṣé kò ní wá bẹ̀ wá ni?"

Mo ní, "Yóò wá, Màmá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ilé Ràímì ni kí n kọ́kọ́ lọ, àbí iwájú ẹgbẹ́? Bí mo bá sì dé Kaboua, báwo ni mo ṣe máa sọ fún Màmá pé ẹni tí wọ́n ń retí ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ lọ́jà?