Èmi Ni Mo Ní Kí Wọ́n Mi Ọkọ̀ Náà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú mi láti ọdún mélòó kan, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi ò mọ̀. Pásítọ̀ wa ò mọ̀. Mo rò pé tó bá pẹ́, á fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Lọ́sẹ̀ yìí ni ọmọbìnrin tí mo ṣẹ̀ wá sílé mi, ó wá bẹ̀ mí ní ohun kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Ọmọ Yàgbà ni mí. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe ní Lọ́kọ́ja, Felele sì ni ilé mi wà. Ipò mi níbi iṣẹ́ ò ga, kò sì rẹlẹ̀ púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ara mi: mo fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí ní ọ̀gá. Tí ọlọ́kadà bá pè mí ní ṣíámáànù lásán, inú mi á dùn títí di alẹ́. Àìsàn mi nìyẹn, òun ló sì kó mi sínú ìyọnu yìí.

Àbúrò ìyàwó mi, Tólú, ló ni ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àbújá ló ń gbé. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì ni, pupa fòò, ó rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ wọ ilé adìyẹ. Nígbà tí Tólú fẹ́ lọ sí òkè òkun fún ìgbà díẹ̀, ó gbé e wá sínú ọgbà wa, nítorí pé kò gbẹ́kẹ̀lé àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ ṣáà máa tan án fún mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí bátìrì má kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e jáde o. Títì wa níbí ò gbà á." Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Mo ń tan án lóòótọ́. Mo ń jókòó sínú rẹ̀, mo ń di sítíárìn mú, mo ń wo ara mi nínú dígí. Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fẹ́ ṣe ìpàdé. Ìyàwó mi ti lọ wo ìyá rẹ̀ ní Kabba. Mo sọ fún ara mi pé lọ-bọ̀ lásán ni, mo sì gbé ọkọ̀ náà jáde. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó nígbà tí àwọn tí wọn kì í dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀ dìde, tí wọ́n ń kí mi, "Ọ̀kún o, ọ̀gá!" Mi ò sọ pé ọkọ̀ mi ni. Mi ò sì sọ pé kì í ṣe tèmi.

Ìgbà tí mo ń bọ̀ nílé ni mo wo géèjì. Epo ti lọ sílẹ̀ gan-an. Tólú ti rọ epo kún táǹkì kó tó gbé ọkọ̀ náà fún mi, ó sì sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Tó bá dé tó bá a báyìí, á mọ̀ pé mo ti gbé e jáde. Ni mo bá yà sí ilé epo kan lójú ọ̀nà Àbújá. Ọ̀wọ́n epo wà lásìkò náà, ìlà gùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rí ọkọ̀ náà ni wọ́n ní kí n máa bọ̀ níwájú. Èmi náà ò kọ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí kò ní ihò epo ni mo kọ́kọ́ fi dojú kọ pọ́ǹpù. Mo yí ọkọ̀ padà, abẹ́ rẹ̀ ha sìmẹ́ńtì, ó dún ṣààà. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí ìdérí epo, mi ò rí i. Mo fa nǹkan kan, búùtù ló ṣí, iwájú sì ni búùtù ọkọ̀ yẹn wà. Àwọn ọlọ́kadà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn pariwo, "Ọ̀gá, abeg, na your moto be dis?" Ó dùn mí dé egungun pé ó bi mí bóyá èmi ni mo ni ọkọ̀, nítorí pé òótọ́ ló bi mí.

Ọmọbìnrin tó ń ta epo nídìí pọ́ǹpù náà ló gbà mí. Bọ́sẹ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Agbaja lórí òkè lọ́hùn-ún ni. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìdérí náà, ó sì ṣí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ti ẹnu pọ́ǹpù bọ̀ ọ́ tó sì tẹ̀ ẹ́, epo ṣàn díẹ̀, ó dá dúró: kọ́! Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kọ́! Ó fà á jáde díẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ òkè, epo tú jáde sí ara ọkọ̀ àti sí ọwọ́ mi. Ó sáré fi àkísà nu ara ọkọ̀. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ má bínú. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló há. Ẹ jẹ́ kí n máa rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Á kún, àmọ́ á pẹ́."

Mi ò fẹ́ kó pẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹni tó mọ Tólú má lọ kọjá níbẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè mọ́tò. Ẹ sì mọ bí a ṣe máa ń ṣe tí a bá fẹ́ kí táǹkì kún dáadáa: wọ́n á bá wa mi mọ́tò jìgìjìgì kí epo lè wọlẹ̀, kó tún lè gba òmíràn. Bàbá mi ṣe é sí mọ́tò tirẹ̀ títí tó fi tà á. Mo ké sí àwọn ọlọ́kadà, mo ní, "Ẹ bá mi mì í!"

Bọ́sẹ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bùrọ̀dá, rárá o. Máníjà wa ti ní a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n mi mọ́tò kankan níbí mọ́. Èyí tún rẹlẹ̀, kò síbi tí wọ́n máa gbá mú." Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní ṣé òun ló ni ọkọ̀ ni, àbí èmi? Ó yọ ẹnu pọ́ǹpù, ó sì sún sẹ́yìn.

Àwọn ọlọ́kadà ṣáà fẹ́ kí n tètè kúrò. Wọ́n sún mọ́ ọkọ̀. Ike kan wà lórí ẹ̀yìn rẹ̀ tó nà bí ìyẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sí ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì. Òun ni wọ́n gbá mú. Wọ́n mì í, wọ́n tún mì í, ó dún kà! Ó là sí méjì. Kí n tó yíjú, oníkálukú ti wà lórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ń wo ibòmíràn.

Máníjà jáde. Bó ṣe rí ọkọ̀ náà ló ti ń bẹ̀bẹ̀. Ó mú mi wọ ọ́fíìsì rẹ̀, yàrá onígíláàsì tó tutù nini. Ó ní, "Ọ̀gá, ta ló ní kí wọ́n mì í?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo ti ṣẹ̀. Ìbéèrè kékeré ni. Ká ní mo dáhùn pé èmi ni, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi mí ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Tólú ló wà lọ́kàn mi, àti ìyàwó mi, àti pé bóyá ilé epo náà á bá mi tún ọkọ̀ ṣe tí ẹ̀bi bá jẹ́ tiwọn. Mo ní, "Ọmọbìnrin yín ni. Òun ló pè wọ́n."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo ń fi bébà nu epo kúrò lọ́wọ́ mi. Mo ń fi ọwọ́ kan ra ìkejì, mo ń rà á, òórùn epo ò lọ. Ìta ni Bọ́sẹ̀ wà, ó ń wò wá láti ẹ̀yìn gíláàsì, kò gbọ́ ohun tí à ń sọ. Nígbà tí mo jáde, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ ṣé gan-an ni. Mo rí yín bí ẹ ṣe ń fọwọ́ ra ọwọ́, tí ẹ̀ ń bá mi bẹ̀ wọ́n." Mo wò ó. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo ní, "Máa ní sùúrù," mo wọ ọkọ̀, mo lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti lé e. Máníjà ò sọ ẹni tó fẹjọ́ sùn fún un. Bọ́sẹ̀ gbà pé àwọn ọlọ́kadà ni.

Ilé epo náà ò tún nǹkan kan ṣe fún mi. Nígbà tí Tólú dé, mo purọ́ pé ẹ̀ka máńgòrò ló já lu ọkọ̀ nígbà ìjì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ṣé torí èyí lẹ ṣe ń làágùn? Ike lásán ni. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn síbẹ̀." Kò tilẹ̀ wo géèjì. Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Nítorí ike ni mo ṣe gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò padà lọ nígbà náà. Mo fẹ́ lọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé lọ́la. Tí mo bá dé iwájú ilé epo náà, ẹsẹ̀ mi á kàn máa gbé mi kọjá lọ ni.

Bọ́sẹ̀ ò ríṣẹ́ sí ilé epo mìíràn, torí àwọn máníjà mọ ara wọn. Iṣẹ́ epo ló sì mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo nínú kẹ́ẹ̀gì létí títì, ní tòsí wa ní Felele. Ìgbàkígbà tí mo bá kọjá, á ju ọwọ́ sókè: "Ọ̀kún o, Bùrọ̀dá tó bá mi bẹ máníjà!" Mo máa ń ra epo jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń fi èènì sí i fún mi. Mo ń gbà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná gbá kẹ́ẹ̀gì mú. Wọ́n ní ẹnìkan ló ṣáná sí sìgá nítòsí rẹ̀. Iná jó o lọ́wọ́ méjèèjì àti lọ́rùn. Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi lọ wò ó ní ọsibítù, ìyá rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ láti Agbaja. Bọ́sẹ̀ ò lè gbé ọwọ́, ṣùgbọ́n ó fi ojú júwe mi. Ó ní, "Ìyá mi, àwọn nìyí. Àwọn ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún mi." Ìyá àgbàlagbà náà kúnlẹ̀ fún mi lórí sìmẹ́ńtì. Ó dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ. Ìyàwó mi fà á dìde, ó sì wò mí bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ irú ọkọ tó fẹ́. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo ń gbé oúnjẹ lọ, mo ń gbé oògùn lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyìn ń pọ̀ sí i. Wọ́n fi mí ṣe àpẹẹrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mò ń gbádùn rẹ̀. Àbí kí n má purọ́ mọ́: lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbádùn rẹ̀ díẹ̀. Mo kórìíra ara mi lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbádùn rẹ̀.

Ní báyìí, ara Bọ́sẹ̀ ti yá, àmọ́ àwọn ìka rẹ̀ ò nà tán mọ́. Kò lè di ẹnu pọ́ǹpù mú. Ilé epo yẹn wá ṣí ṣọ́ọ̀bù kan sínú ọgbà wọn, wọ́n ń wá ẹni tí á máa jókòó tajà níbẹ̀. Ó lọ bá máníjà, máníjà kan náà. Àánú rẹ̀ ṣe ọkùnrin náà. Ó ní kó lọ mú ẹni tó ni ọkọ̀ pupa wá di ọjọ́ Ajé, ohun tí onítọ̀hún bá sọ lòun máa tẹ̀ lé.

Bọ́sẹ̀ sáré wá bá mi. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní, "Bùrọ̀dá, Ọlọ́run ti gbọ́! Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí n mú wá. Ẹ ṣáà sọ ohun tí ẹ rí lọ́jọ́ yẹn fún wọn." Ìyàwó mi ò sí nílé, ara ìyá rẹ̀ ò yá, Kabba ló wà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ní Kabba lèmi náà ń lọ báyìí, kó jẹ́ kí n lọ kí n bọ̀ ná. Ó ní, "Kò burú, Bùrọ̀dá. Mo máa dúró dè yín."

Mi ò lọ síbì kankan. Inú ilé ni mo wà, mo tilẹ̀kùn mọ́ ara mi. Tí mo bá tẹ̀ lé e lọ, máníjà á wò mí lójú, á ní, "Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé òun ni?" Tí mi ò bá lọ, iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, èmi náà ló sì gbà á. Ṣé kí n yọ́ lọ bá máníjà ní èmi nìkan, kí n bẹ̀ ẹ́ kó gba Bọ́sẹ̀ síṣẹ́ kó má sì sọ ohun tí mo ṣe fún un? Àbí kí n sọ fún Bọ́sẹ̀ lójúkojú? Kí ni mo máa sọ fún ìyá rẹ̀ tó kúnlẹ̀ fún mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin abiyamọ, ẹ má kàn bú mi, mo ti bú ara mi tó. Kí ọjọ́ Ajé tó dé, ẹ sọ fún mi ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe.

Bọ́sẹ̀ pè mí lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Ó ní òun àti ìyá òun ti ń gbàdúrà pé kí ọ̀nà dán fún mi, òun kàn ní kí òun béèrè bóyá mo ti dé Kabba láyọ̀.

Mo ní mo ti dé.