Ọwọ́ Tí Denzil Nà Sókè

Má bu kọfí fún mi, Denzil, kọfí kọ́ ló gbé mi dé ilé rẹ. Jókòó. Ìwọ ọmọ ìyá mi, ìwọ tí mo gbé jó kí o tó mọ̀ ọ́n rìn, ìwọ lo wà láàrin ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́sàn-án òní, tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn pé kí wọ́n ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ oorun pa nawọ́, tí o sì na tìrẹ, tí o ò tilẹ̀ wo ibi tí mo jókòó sí. Ẹ̀ka tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ aláìsàn lójú oorun láti ìgbà tí orí mi ò tíì ní ewú kan.

Kí tiẹ̀ ni ọmọkùnrin tí wọ́n rán wá láti olú-ìlú yẹn sọ tó wọ̀ ọ́ lára? Ó gbé àwòrán sára ògiri, ó ní àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì Cincinnati ń gba owó oṣù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn ọmọ tó jáde lọ́dọ̀ wa, ó ní lóòótọ́ gbèsè ilé-ìwé tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n owó oṣù lòun ń wò. Ta ló bi í léèrè iye tí wọ́n ń gba yàrá kan ní Cincinnati? Ta ló sọ fún un pé wọ́n ti ti ibi ìwakùsà èédú pa níbí, pé ọsibítù kan ṣoṣo ló kù?

Leota tí mo kọ́ níṣẹ́, tó wà ní ọsibítù yẹn, ńkọ́? Wọ́n pè é sí Cincinnati, owó gidi ni wọ́n fi pè é, ó ní òun ò lọ, pé bàbá òun tí eruku èédú ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ ò ní ẹlòmíì. Òun ló ń lẹ wáyà mọ́ orí àwọn awakùsà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń mí lójú oorun, kí dókítà lè mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Lójú ọmọkùnrin yẹn, owó oṣù Leota tó kéré ló ń fà wá sẹ́yìn.

Má mirí sí mi. Òfin wo? Èyí tó ní kí wọ́n ti ẹ̀ka tí owó oṣù àwọn tó jáde níbẹ̀ bá kéré pa? Ṣé òfin ló bá ọ na ọwọ́ sókè?

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìwọ nìkan lo mọ̀ nínú yàrá yẹn. Àbí ẹ̀kọ́ yìí kan náà kọ́ ni Rhetta ọmọ rẹ lọ kọ́ ní Cincinnati? Mo bẹ̀ ọ́ nígbà náà, mo ní iṣẹ́ kan náà ni, wáyà kan náà ni. O ní mò ń jowú. Lọ́jọ́ àjọ̀dún Ìdúpẹ́ tó kọjá, tí gbogbo ẹbí pé jọ nídìí tábìlì yìí, ta ló ń bẹ̀ ọ́ lábẹ́lẹ̀ kí o bá òun ra epo tí òun máa fi padà sí Cincinnati? Mò ń gé páì lọ́wọ́, etí mi ò di. O mọ ibi tí owó ńlá yẹn ń lọ, o gbẹ́nu dákẹ́, torí o ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ rẹ rí ṣe.

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè.

Inú ọkọ̀ ni Rhetta ń gbé? Láti ìgbà wo? Yìnyín ti ń bọ́, Denzil. Ọmọ tó ń ṣọ́ oorun olóorun mọ́jú, tílẹ̀ bá mọ́, inú ọkọ̀ lòun ń sùn? Torí ìwọ lo tọwọ́ bọ̀wé gbèsè ilé-ìwé rẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n wá gba ilé lọ́wọ́ rẹ, ló ṣe fi yàrá tó ń gbé sílẹ̀ kó lè máa rí gbèsè san? Ìyàwó rẹ mọ̀?

Kò mọ̀.

Má sunkún. Mo ní má sunkún, mi ò tíì bá ọ parí. Lọ́jọ́ Ajé, kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i, ìwọ lo máa dìde, tí o máa sọ ibi tí ọmọ rẹ ń sùn fún wọn. Èmi kọ́, ìwọ ni. Tójú bá ń tì ọ́, kó tì ọ́. Yàrá kan ṣófo nílé mi, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa ran Leota lọ́wọ́. Owó iṣẹ́ náà kéré, ṣùgbọ́n Rhetta á sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Pè é.

Ó ti gbé e? Mú fóònù wá.

Rhetta, ọmọ mi, èmi ni. Rárá, kò sẹ́ni tó kú. Níbo lo páàkì sí?