Àgùntàn Mẹ́rin ti Màmá Ìlọ́fà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi. Oṣù tó kọjá ni mo gboyè jáde ní yunifásítì. Gbogbo ilé ń yọ̀, àmọ́ èmi ò lè jẹun. Lẹ́tà kan tó dé láti Ìlọ́fà lánàá ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí à ń pè ní Màmá Ìlọ́fà, ni mo ti lo ìsinmi gígùn ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira. Àgùntàn mẹ́rin ni wọ́n ní, etí àbàtà ni wọ́n ń so wọ́n mọ́. Aràn pẹlẹbẹ bí ewé wà nínú ẹ̀dọ̀ wọn. Iṣẹ́ tí olùkọ́ mi ní yunifásítì gbé fún mi gan-an nìyẹn: kí n wádìí ohun tó ń mú ẹran ara aràn yìí mira, àti ohun tó ń mú un sinmi.

Olùkọ́ fún mi ní ìgò kékeré méjì. Irú èròjà tí iṣan ìmọ̀lára fi ń ránṣẹ́ sí ẹran ara ló wà nínú wọn. Bí wọ́n bá pa àgùntàn tó ń rù, n ó kó aràn rẹ̀ sínú omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí mo bá kán ti ìgò kìíní sí i, aràn á máa ká, á máa nà. Bí mo bá kán ti èkejì, á rọ jọwọrọ.

Màmá a máa pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá wo ìyàwó tuntun, ó ń jó! Ọmọ mi, fún un ní ti oorun, kó jókòó jẹ́ẹ́."

Ẹ̀rín wọn yẹn, àti bí wọ́n ṣe máa ń fi ìka tọ́ omi wò kó má baà gbóná jù fún aràn mi! Mi ò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. "Oògùn" ni mo pe ohun inú ìgò. Màmá rò pé ìwòsàn àgùntàn wọn ni mò ń wá, mi ò sì tún un ṣe. Mo ti kà á pé ara ìgbín wẹ́wẹ́ inú àbàtà ni aràn náà ti ń wá. Ǹ bá ti ní kí wọ́n kó àgùntàn lọ síbi gbígbẹ. Mo dákẹ́, torí bí aràn bá tán, iṣẹ́ mi tán.

Báyẹn ni a ṣe pa mẹ́ta, ó wá ku ẹyọ kan, abo tó lóyún, tí kò tilẹ̀ rù. Màmá ránṣẹ́ pe Alùfáà kó wá dú u, kí n lè rí aràn lò. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó bímọ ná."

"Rárá o. Bí oògùn rẹ bá jáde, ti gbogbo ìlú á yè."

Mo gba ẹ̀dọ̀ náà lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́tà àná sọ pé wọ́n ti ra ọ̀dọ́ àgùntàn méjì, etí àbàtà yẹn náà ni wọ́n so wọ́n mọ́. Wọ́n ní kí n fi oògùn ránṣẹ́. Bí mo bá ní kí wọ́n kó wọn kúrò níbẹ̀, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Bí mi ò bá sọ, àwọn yẹn náà á kú.

Ẹ̀yin àgbà tó ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ "Màmá mi ọ̀wọ́n" sórí ìwé láti àárọ̀. Kí ni kí n kọ tẹ̀ lé e?