Èémí Tí Mo Yá Fergus

Ngaire, gbé àwo búrẹ́dì oníwàràkàṣì yẹn sílẹ̀, kó o jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ bá mi wọlẹ̀. Àyà mi ti ń dákẹ́ lọ, ọ̀la sì ni wọ́n fẹ́ yọ ẹ̀rọ tó wà nínú ọkọ̀ Fergus, ọmọ-ọmọ mi.

O mọ̀ pé ilé ẹjọ́ ló ní kí wọ́n de ẹ̀rọ náà síbẹ̀ nígbà tí wọ́n mú Fergus pé ó mutí wakọ̀. Ó gbọ́dọ̀ fẹ́ èémí sí i kó tó lè wakọ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá gbọ́ òórùn ọtí, ọkọ̀ ò ní sitáàtì. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń retí ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fún wàrà, ọtí àná ò tíì kúrò lára ẹ̀. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ dákun, ẹ bá mi fẹ́ ẹ. Wọ́n á lé mi níbi iṣẹ́!" Èmi tí n kì í fẹnu kan ọtí, mo fẹ́ ẹ. Àánú ẹ̀ ló ṣe mí. Àkẹ́bàjẹ́ gbáà!

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ẹ̀rọ náà tún máa ń béèrè èémí lójú ọ̀nà, nítorí náà èmi náà ń bá a jókòó níwájú, mò ń hun aṣọ òtútù. Á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyá àgbà, ẹ̀yin gan-an ni dẹ́rẹ́bà."

Ngaire, àárọ̀ tí ò ń kó màlúù sọdá títì, èmi kọ́ ni mo gbá ọ. Fergus ni. Má tíì dìde. Ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè èémí ni, Fergus na ẹnu ẹ̀rọ náà sí mi, kí n tó gbójú sókè, o ti wà nílẹ̀, ò ń ké pé, "Ẹsẹ̀ mi o!" Mo lé Fergus bọ́ sílẹ̀, mo sún sí àyè dẹ́rẹ́bà. Mo sọ fún ọlọ́pàá pé èmi ni. Wọ́n yẹ èémí mi wò, ó mọ́. Ìwọ tí egungun ẹ ṣẹ́ lo tún ń bẹ̀ wọ́n: "Ẹ fi Mama Noeline sílẹ̀, àgbàlagbà ni." Ẹ̀bẹ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa látìgbà náà, ìwọ sì ń tiro gbé oúnjẹ wá fún mi.

Wọ́n ní èsì èémí Fergus mọ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ yọ ẹ̀rọ náà. Èsì tèmi ni! Ọmọ yẹn ṣì ń mutí.

Bó o bá lè dárí jì mí, ṣe é. Bó ò bá lè ṣe é, n ò ní bínú. Ìwọ náà ti ní ọmọ-ọmọ. Bó bá bẹ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, jẹ́ kí wọ́n lé e níbi iṣẹ́.

Bá mi mú fóònù yẹn. Mo fẹ́ sọ fún ọlọ́pàá fúnra mi, kí èémí mi tó tán.