Àwo Tí Ohùn Ìyá Jacob Wà Nínú Rẹ̀

Ẹ má yìn mí mọ́. Láti ìgbà tí àwo orin ńlá Jacob Ọláníyan ti jáde lọ́dún 1962 ni gbogbo Ẹdẹ ti ń kí mi, nítorí ohun tí Jacob ní kí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí rẹ̀: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Akínwálé, ọ̀rẹ́ mi, tó bá mi tọ́jú àwọn orin wọ̀nyí." Irọ́ ni. Àìsàn ti dá mi dùbúlẹ̀ báyìí, mi ò sì fẹ́ gbé irọ́ náà wọ sàréè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún Jacob ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì la ti jọ kọ́ fèrè, ṣùgbọ́n èmi ń fọn ún ni, Jacob ń fi tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ orin jáàsì, àwọn àgbà tó ń pè é ní ariwo òyìnbó á dákẹ́, ẹni tó ń jẹun á gbàgbé òkèlè sọ́wọ́. Nígbà tí iléeṣẹ́ àwo l'Ékòó ní àwọn fẹ́ kó gbogbo orin tó ti ṣe láti 1951 sójú àwo kan ṣoṣo, mo mọ̀ pé ó tọ́ sí i. Ó tọ́ sí i ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ọ̀kan péré ni mo kórìíra nínú àwọn orin náà. Lọ́dún 1955, àwọn oníṣẹ́ àwo gbé ẹ̀rọ wọn wá sí gbọ̀ngàn ilé ìwé wa. Jacob ní, "Wálé, bí mo bá fọn tèmi tán, ìwọ ni wàá gbà á. Jẹ́ káyé gbọ́ ẹ." Bó ṣe ku díẹ̀ kó kàn mí ni ìyá rẹ̀, Màmá Àtinúkẹ́, gbé oúnjẹ wá fún un. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ń gba ohùn. Ọmọ wọn ni wọ́n gbọ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀: "Àkàndé, ọkọ mi! Ọmọ tí mo pọ̀n tí ẹ̀yìn ò ro mí!" Jacob ń fi fèrè dá wọn lóhùn títí àyè orí àwo fi tán. Kò sí ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, àyè tèmi sì bá a lọ.

Lọ́dún kejì, Màmá kú. Nígbà tí iléeṣẹ́ àwo wá ń wá àwọn orin àtijọ́ fún àwo ńlá náà, àwo yẹn ti tán nílẹ̀, àfi ẹyọ kan tó wà lọ́wọ́ Jacob. Ó ní kí n gbé e lọ sí Èkó. "Rọra o, Wálé. Mojísọ́lá ọmọ mi ò bá ìyá mi láyé. Ibẹ̀ nìkan ló ti lè gbọ́ ohùn wọn."

Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni mo jókòó sí. Nígbà tá a dé Sekona, ìdérí ẹ́ńjìnnì tó wà láàárín èmi àti awakọ̀ ti gbóná, mo sì gbé àwo náà lé e. Awakọ̀ ní, "Bọ̀dá, ibẹ̀ yẹn gbóná o." Mo ní kò séwu. Mo láyè láti gbé e kúrò, mi ò gbé e. Ìkà ni mí! Ká tó dé Ìbàdàn, àwo náà ti ká kò, kò ṣeé gbọ́ mọ́.

Mo sọ fún Jacob pé awakọ̀ ló gbé e síbẹ̀ nígbà tí mo sùn lọ. Ó sunkún, ó sì dì mọ́ mi. "Ṣé ìwọ dé láyọ̀? Àwo ò tó èèyàn." Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n kọ orúkọ mi sẹ́yìn páálí àwo ńlá náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin, bẹ́ ẹ bá jowú ẹnìkejì yín, ẹ lọ fọn fèrè yín sí i. Mojísọ́lá wá kí mi lánàá. Ó ní, "Bọ̀dá Wálé, báwo ni ìyá àgbà ṣe máa ń ki bàbá mi?" Mo ki í fún un délẹ̀, mi ò fo ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ náà wò mí lójú. "Ṣé bí ohùn wọn ṣe rí nìyẹn?" Mo ní rárá. Jacob, jọ̀ọ́, dárí jì mí.