Ẹ̀rọ Tó Mọ Ẹbí Mi

Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n máa wá mú mi, mi ò sì bèèrè mọ́. Yàrá tí wọ́n tì mí mọ́ yìí kéré, ṣùgbọ́n ó tó ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Wọ́dà kan tó jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ ló fún mi ní bébà àti bírò. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń rìn lóde gbọ́ ìtàn mi lẹ́nu mi, torí àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ á ti bù mọ́ ọn.

Ọlọ́pàá ni mí tẹ́lẹ̀. Ọmọ Ọ̀rányàn n'Ìbàdàn ni mí, ní agboolé kan tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ti ń ṣòwò oúnjẹ ní Ọjà'ba kí wọ́n tó bí bàbá mi. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fún àgọ́ wa lówó ẹ̀rọ tí ń wo inú ẹrù, kí a lè máa fi mú àwọn onífàyàwọ́, èmi àti Làmídì ni wọ́n rán lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì ni Làmídì. A jọ lọ ilé kéwú, a jọ wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Orúkọ òyìnbó ẹ̀rọ náà gùn. Atú-àṣírí ni àwa ń pè é. Kò sí pé à ń tú okùn, kò sí pé à ń ká tapólì. Bí ọkọ̀ bá ti dúró níwájú rẹ̀, ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹrù á hàn lójú dígí. Ojú ọ̀nà ní Bẹẹrẹ ni a gbé e sí, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lọ Ọjà'ba. Inú mi dùn sí i bí ọmọdé tí wọ́n rán aṣọ iléyá fún.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó mi bí àkọ́bí wa, obìnrin. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó tọ́ mi dàgbà, wá kí wa. Ó gbé ọmọ, ó wá fi oríkì pè mí. Ní agboolé wa, bí àgbàlagbà bá ti fi oríkì pè ọ́, inú rẹ á ti rọ̀ kó tó sọ ohun tó ń fẹ́.

“Ọkọ̀ mi kan ń bọ̀ lọ́la,” ó ní. “Ẹ̀wà ló kó. Ìrẹsì òkèèrè díẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀.”

“Bàbá, ẹ̀rọ á rí i.”

“Ẹ̀rọ lójú, kò lẹ́nu. Ìwọ lẹnu ẹ̀. Bò mí láṣìírí, Ọlọ́run á bo tìẹ náà. Àbí kí la fẹ́ fi ṣe ìkómọ ọmọ yìí?”

Ta ni kì í ṣe àmín sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀? Mo ṣe àmín. Ibẹ̀ lọ̀nà mi ti wọ́. Lọ́jọ́ kejì, bí ọkọ̀ náà ṣe yọ, mo pa ẹ̀rọ, mo ní ó ti gbóná jù, kó sinmi díẹ̀. Ọkọ̀ kọjá. A jẹ ìrẹsì níbi ìkómọ, ó sì dùn, mi ò ní purọ́. Làmídì náà jẹ níbẹ̀, kò mọ ibi tó ti wá.

Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ Bàbá Kékeré ti ń wá lemọ́lemọ́. Mi ò bèèrè ohun tó kó mọ́. Kò sí ẹni tó ní kí n má bèèrè. Ìdáhùn ló ń bà mí lẹ́rù. Làmídì ló kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ọ̀rẹ́, ẹ̀rọ yìí mà mọ ẹbí ẹ o. Àfi tí ọkọ̀ Bàbá Kékeré bá yọ kó tó gbóná.”

“Oòrùn Ìbàdàn ni, jàre.”

“Hẹn-ẹn. Oòrùn náà ti di ọmọ agboolé yín nìyẹn.”

A jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò sùn dáadáa lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ burúkú náà, mo lọ kírun Àílà ní mọ́sáláṣí ẹ̀bá ọ̀nà. Nígbà tí mo padà dé, ọkọ̀ Bàbá Kékeré wà níwájú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́. Làmídì dúró ti dígí, ojú rẹ̀ fà ro. Mo wo dígí náà. Abẹ́ ẹ̀wà ni ìrẹsì wà. Abẹ́ ìrẹsì, ìbọn ni.

“Ṣé o mọ̀ pé ìbọn ni?” Làmídì bi mí.

“Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀.”

“Mo gbà ẹ́ gbọ́. Dúró ti ọkọ̀ yìí. Mò ń lọ bá ọ̀gá. Màá sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí n sọ ọ́.”

“Màá sọ ọ́” nìkan ni etí mi gbà. Ó gba iwájú ọkọ̀, ó ń sọdá títì lọ sí àgọ́ wa. Mo rò ó pé iṣẹ́ ti lọ, orúkọ agboolé wa ti bàjẹ́, ìyá mi á máa fi ìborùn bojú kọjá ní Ọ̀rányàn. Awakọ̀ yọrí sí mi láti ojú fèrèsé.

“Ọ̀gá, kí ni ṣíṣe?”

Mo wo ẹ̀yìn Làmídì. Mo ní, “Gbéra. Má dúró fún ẹnikẹ́ni.”

Mo mọ ohun tí mo sọ. Awakọ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ó fi ọkọ̀ gba Làmídì, kò dúró.

Làmídì kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Orí òkè Mápó ni wọ́n ti mú awakọ̀, ó sì ka gbogbo ọ̀rọ̀ mi fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́.

Ní kóòtù, wọ́n pe ìyàwó Làmídì. Kò sunkún, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi.

“Ọkọ mi pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ náà,” ó ní. “Ó ní òun rí ìbọn nínú ẹrù bàbá ọ̀rẹ́ òun, ọ̀rẹ́ òun sì wà nídìí ìrun. Ó ní òun máa sọ fún ọ̀gá pé ọ̀rẹ́ òun gan-an ló rí i, pé ọwọ́ ẹ̀ ló tẹ ọkọ̀ náà. Ó ní òun máa bò ó láṣìírí, torí ọmọ ìkókó wà nílé ẹ̀.”

Mo jókòó sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ní kí n jókòó. Ohun tí adájọ́ sọ lẹ́yìn náà, ẹlòmíì ló wá tún un sọ fún mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò ní kí ẹ kórìíra ẹbí yín. Mo fẹ́ràn Bàbá Kékeré títí dòní, òun náà ń ṣẹ̀wọ̀n níbòmíràn. Ṣùgbọ́n bí àgbà kan bá fi oríkì pè yín, tó ní kí ẹ bo òun láṣìírí, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀wà kí ẹ tó ṣe àmín. Ó dùn mí pé mi ò bèèrè. Ó ń dùn mí lójoojúmọ́.

Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ṣì wà ní Bẹẹrẹ. Kì í gbóná mọ́.