Ekòló Ni Mo Mú Lọ Sódò, Kì í Ṣe Àdúrà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ǹ bá fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀, ìjọ wa fẹ́ lọ wẹ̀ nínú odò kan nítorí irọ́ tí mo pa.

Dagenham ní London ni mò ń gbé, ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo sọ fún ìyàwó mi pé iṣẹ́ ni mò ń lọ, nítorí ó kórìíra kí n máa dá lọ pẹja. Mo wa ọkọ̀ jáde kúrò ní London lọ sí odò kan tí ẹja tiráòtù wà. Pátákó wà níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohun ẹlẹ́mìí ṣe ìdẹ. Mo kà á. Ó yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, etí omi ni wọ́n bí mi sí, ekòló ni bàbá mi fi kọ́ mi. Mo ti wa ekòló lẹ́yìnkùlé wa sínú ike áísìkiriìmù.

Tiráòtù kì í sáré kiri. Ẹ̀yìn òkúta ló máa ń dúró sí, á máa retí ohun tí omi bá gbé wá. Mo ju ìwọ̀ sí apá òkè kí omi lè gbé ekòló náà dé ẹnu rẹ̀. Kò débẹ̀. Mo bá gun òkúta kan kí n lè sún mọ́ ọn. Òkúta náà ń yọ̀.

Omi gbé mi lọ. Òyìnbó arúgbó kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn ló na ọ̀pá sí mi. Bàtà mi méjèèjì bá omi lọ.

Ẹ mọ̀ pé àwa kì í wọ bàtà gbàdúrà. Nígbà tí ìyàwó mi rí mi lẹ́nu ọ̀nà, tí omi ń kán lára mi, ó pariwo: "Bàbá Tóbi! Ṣé odò lẹ lọ gbàdúrà ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, òtútù ń pa mí.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní kí n jẹ́rìí. Mo jẹ́rìí pé àdúrà ni mò ń gbà létí odò tí omi fi gbé mi, tí òyìnbó kan tó mú ajá dání sì fà mí jáde. Láti ìgbà náà, àwọn ẹlòmíràn ló ń bá mi sọ ọ́. Òyìnbó ti di áńgẹ́lì. Ajá ti di ọ̀dọ́ àgùntàn! Èmi tí omi gbé, mi ò rí àgùntàn kankan. Tí mo bá ní kí wọ́n rọra, wọ́n á ní ìrẹ̀lẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Ó ti sú mi pátápátá.

Ní báyìí, Wòlíì wa ti gba bọ́ọ̀sì tó máa gbé wa lọ sódò náà. Màmá Àgbà ìjọ wa, tí wọ́n ń fi ọ̀pá rìn nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n, ní èmi ni kí n di ọwọ́ àwọn mú wọ ibi tí áńgẹ́lì ti fà mí jáde.

Mo ní, "Màmá, omi yẹn le. Ẹ jẹ́ kí n bu ú sínú kẹ́ẹ̀gì wá fún yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Omi tí kò pa ẹ́ ni yóò wá pa mí? Ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni? Lọ gbààwẹ̀, jàre."

Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè jókòó sínú báàfù tí omi bá wà nínú rẹ̀.

Tí mo bá jẹ́wọ́, ojú wo ni ìyàwó mi á fi máa wò mí? Tí mo bá dákẹ́, èmi tí mi ò lè gba ara mi là ni Màmá máa dì mú nínú omi yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ìyàwó mi ni àbí Wòlíì? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Màmá ti ní ilé ni àwọn máa fi ọ̀pá sí.